Ìjàpá Nínú Sinimá

Kàtúùnù ni àwọn ọmọ wa ń pè é. Àwòrán ọwọ́ ni, ṣùgbọ́n àwòrán náà ń rìn, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń kọrin, ó sì ń jó. Bí ẹ bá gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan kọjá ní Ṣómólú tàbí ní Bàrígà ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ó rí ọmọ mẹ́ta mẹ́rin tí wọ́n forí jọ sídìí fóònù kan. Wọ́n ti gbé fóònù náà ti agolo mílíìkì. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Àgbàlagbà tó bá ń kọjá lọ á ní, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, eré ọmọdé ni."

Àwa ò gbà bẹ́ẹ̀. Eré náà kì í ṣe ti ọmọdé nìkan. Ẹni tó bá gbọ́ àlọ́ dàgbà ní ilẹ̀ Yorùbá ti mọ ìdajì rẹ̀ kó tó jókòó tì í. Nítorí náà, a fẹ́ mú kàtúùnù kan, ká yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. A ó sọ ìtàn inú rẹ̀. A ó sọ bí orin ṣe ń bá ẹsẹ̀ àwọn ẹranko inú rẹ̀ rìn. A ó sì fi hàn yín bí ẹ̀yin náà ṣe lè ṣe kékeré kan nílé. Ìjàpá ló wà nínú rẹ̀. Ta ni kò mọ Ìjàpá?

Ilé iṣẹ́ Walt Disney, ará Amẹ́ríkà, ló ṣe kàtúùnù náà. Ó jáde ní oṣù January, ọdún 1935. Orúkọ rẹ̀ ní èdè òyìnbó ni The Tortoise and the Hare, ìyẹn ni pé Ìjàpá àti Ehoro. Kò gùn rárá. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èèyàn lè wò ó tán kí omi ẹ̀bà tó hó. Síbẹ̀ ó gba Oscar, ẹ̀bùn ńlá tí wọ́n máa ń fún àwọn onísinimá ní Amẹ́ríkà lọ́dọọdún.

Ìtàn inú rẹ̀ kì í ṣe ti Disney. Ohun tí a gbọ́ láti ìgbà pípẹ́ ni pé Aesop, ọkùnrin kan ní ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́, ló ni ín. Ìyẹn sì ti lé ní 2,000 ọdún. Ohun tí Disney àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ṣe ni pé wọ́n ya ìtàn náà ní àwòrán, wọ́n kùn ún ní oríṣìíríṣìí àwọ̀, wọ́n sì fi orin sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Báyìí ni ìtàn náà ṣe lọ. Ehoro àti Ìjàpá fẹ́ sáré ìje. Àwọn ẹranko pé jọ láti wòran. Ehoro ń jẹ́ Max. Ó jáde tòun ti fáàrí, bí akànṣẹ́ tó ti mọ̀ pé òun ló máa gba adé. (Orúkọ rẹ̀ jọ ti Max Baer, akànṣẹ́ ará Amẹ́ríkà tó gba adé àgbáyé ní 1934. Àwọn tó ń wòran nígbà náà á ti mọ ẹni tí wọ́n ń fi ṣeré.) Ìjàpá ń jẹ́ Toby. Òun ní tirẹ̀ rọra dé ni, ojú ń tì í, kò sì sẹ́ni tó kà á sí.

Ìje bẹ̀rẹ̀. Ehoro ti lọ, eruku nìkan ló kù. Nígbà tó rí i pé òun ti síwájú púpọ̀, ó lọ sábẹ́ igi, ó ṣe bí ẹni tó ń sùn. Ìjàpá rọra kọjá lára rẹ̀. Ehoro dìde, ó tún fi í sílẹ̀ bí atẹ́gùn. Ó wá dé ẹnu ilé ẹ̀kọ́ kan tí àwọn ọmọge ehoro wà. Kí ló kù tó ń jẹ́ ìje? Max bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe gànràngànràn fún wọn. Ó gbá bọ́ọ̀lù tẹníìsì sí òdìkejì, kí bọ́ọ̀lù náà tó dé ibẹ̀ òun ti dé, ó sì gbá a padà. Òun nìkan ló ń bá ara rẹ̀ ta á. Àwọn ọmọge ń pàtẹ́wọ́. Ìjàpá ń rìn.

Ìgbà tí Max gbọ́ ariwo èrò lókèèrè ló tó rántí pé òun ń sáré. Ó wá ki eré mọ́lẹ̀. Eré náà le débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lé Ìjàpá bá. Ṣùgbọ́n Ìjàpá na ọrùn. Ọrùn yẹn ló kọ́kọ́ kan òpin. Ó parí.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìjàpá tiwa, ṣé ẹ ò rí nǹkan kan? Ìjàpá yìí kò purọ́. Kò jalè. Kò dọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ kankan. Kò lọ sọ́dọ̀ babaláwo, kò sì sí Yánníbo aya rẹ̀ níbẹ̀. Ó kàn ń rìn ni. Bí a bá fi kàtúùnù náà han ìyá àgbà kan ní Ìlàjẹ, létí ọ̀sà ní Bàrígà, tí kò sì tíì gbọ́ òpin rẹ̀ rí, ó dá wa lójú pé á ní, "Ẹ dúró ná. Alábahun yẹn ń gbèrò nǹkan kan." Á máa retí rẹ̀ títí, kò sì ní rí i.

Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, ọ̀nà mìíràn ni a ń gbà pa ìtàn ìje Ìjàpá. Bí ọjọ́ ìje bá ku ọ̀la, Ìjàpá á kó àwọn ẹbí rẹ̀ jọ. Á fi wọ́n pamọ́ sínú koríko lẹ́bàá ọ̀nà, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Ìjàpá ò sì yàtọ̀ sí ìjàpá lójú ẹni tó ń sáré kọjá. Bí ẹranko tí wọ́n jọ ń sáré bá ké pè é pé, "Ìjàpá, o wà lẹ́yìn?", ọ̀kan nínú àwọn ẹbí á dáhùn níwájú pé, "Èmi rèé o!" Ẹni ẹlẹ́ni á tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Á sáré títí ẹ̀mí á fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́, nígbà tó bá sì fi máa dé òpin, Ìjàpá kan ti jókòó síbẹ̀ tó ń fẹ́ra.

Àwọn èèyàn Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ló gbé irú ìtàn yìí sọdá òkun. Ní nǹkan bí ọdún 1880, akọ̀ròyìn òyìnbó kan tó ń jẹ́ Joel Chandler Harris tẹ ìwé ìtàn kan jáde ní Amẹ́ríkà. Ẹnu àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ ló ti gbọ́ àwọn ìtàn náà. Ìje Ehoro àti Ìjàpá wà nínú rẹ̀, Ìjàpá tó kó ẹbí pamọ́ lójú ọ̀nà sì ni! Ẹ wò ó, kí Disney tó ya Ìjàpá oníwà pẹ̀lẹ́ tirẹ̀, Ìjàpá ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ ti ń gbé Amẹ́ríkà tipẹ́tipẹ́.

Èwo nínú àwọn méjèèjì ló dára jù? Ní tiwa o, Ìjàpá tó kó ẹbí pamọ́ ló dùn ún gbọ́ jù. Ṣùgbọ́n Ìjàpá tó na ọrùn ló dùn ún wò jù. Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ inú ni, ẹnu ló ń sọ ọ́ jáde. Ọrùn tó ń gùn, tó ń gùn, tó ṣì ń gùn, ojú ló ni ín.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí orin, nítorí ibẹ̀ ni adùn kàtúùnù wọ̀nyí wà.

Nínú àlọ́ tiwa, orin kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ìtàn á dé ibì kan, ọ̀rọ̀ ẹnu kò ní lè gbé e mọ́, apàlọ́ á sì dá orin. Àwọn ọmọ á gbè é. Ọmọ tó ti ń tòògbé á jí. Kàtúùnù àtijọ́ wọ̀nyí náà rí bẹ́ẹ̀. Láti 1929 ni Disney ti ń ṣe ọ̀wọ́ kan tó pè ní Silly Symphonies. Nínú ọ̀wọ́ yẹn, orin ló jẹ́ ọ̀gá, àwòrán ló ń sìn ín. Ìjàpá àti Ehoro wà lára wọn. Frank Churchill ló ṣe orin rẹ̀. Òun náà ló ṣe orin kàtúùnù ẹlẹ́dẹ̀ kékeré mẹ́ta, tó jáde ní 1933. Orin yẹn gba gbogbo Amẹ́ríkà kan nígbà náà, lákòókò tí iṣẹ́ wọ́n, tí owó ò sì sí lọ́wọ́ ará ìlú.

Bí ẹ bá ń wo Ìjàpá àti Ehoro, ẹ pa ojú dé fún ìgbà díẹ̀. Ẹ gbọ́ orin nìkan. Ẹ ó mọ ìgbà tó jẹ́ pé Ìjàpá ló ń rìn, ẹ ó sì mọ ìgbà tó jẹ́ pé Ehoro ló ń sáré. Orin Ìjàpá wúwo, ó ń gbé ẹsẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Orin Ehoro ń ta pàràpàrà bíi gúgúrú nínú ìkòkò gbígbóná.

Ẹ ti rí onígángan tó ń tẹ̀ lé àgbà kan wọ òde ìnáwó. Bí àgbà náà bá rọra ń rìn, ìlù á rọra. Bó bá dúró, ìlù á dúró dè é. Bó bá fẹ́ jó, onígángan ti rí i ní èjìká rẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó gbéra. Ojú onílù wà lára ẹni tó ń rìn. Nínú kàtúùnù, òdìkejì èyí ni: ẹsẹ̀ ló ń tẹ̀ lé ìlù. Àwọn olórin á ti mọ bí orin ṣe máa yára tó kí àwọn ayàwòrán tó ya ẹsẹ̀ kan.

Ṣùgbọ́n àwòrán ò létí. Báwo ló ṣe ń gbọ́ ìlù? Ìṣirò ni, kò sì le.

Ohun tí a ń pè ní sinimá, fọ́tò púpọ̀ ni, tí wọ́n tò tẹ̀ léra wọn. Nínú sinimá olóhùn, fọ́tò 24 ló ń kọjá lójú wa ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìṣẹ́jú àáyá kan kò pẹ́ ju kí ẹ pe orúkọ Ṣómólú lẹ́ẹ̀kan lọ. Ojú wa kò lè yára tó bẹ́ẹ̀, kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ wo fáànù: abẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ni, ṣùgbọ́n bó bá ti ń yí, ẹ ò lè kà wọ́n mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni fọ́tò 24 ṣe ń di ọ̀kan tó ń rìn.

Nínú kàtúùnù, ọwọ́ èèyàn ni wọ́n fi ń ya ohun tí wọ́n ń ya ní fọ́tò. Wọ́n á ya Ìjàpá tó gbé ẹsẹ̀ díẹ̀, wọ́n á ya òmíràn tó gbé e díẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Láyé ìgbà yẹn, orí ọ̀rá líle tó mọ́ gaara bíi gíláàsì ni wọ́n ti ń kùn wọ́n. Wọ́n á gbé ọ̀rá náà lé orí àwòrán igi àti ojú ọ̀nà, kí wọ́n má bàa máa ya igi kan náà lákọ̀tun. Ìgbà mìíràn wọ́n á fi àwòrán kan ya fọ́tò méjì, kí ọwọ́ lè sinmi. Síbẹ̀ náà, fún kàtúùnù ìṣẹ́jú mẹ́jọ, fọ́tò tó máa kọjá jẹ́ 11,520. Ẹ fi 24 lọ́nà 60, kí ẹ tún fi èyí tẹ́ ẹ bá rí lọ́nà 8, ẹ ó bá a bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá kíyè sí èyí. Bí ìlù bá ń dún lẹ́ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, fọ́tò 12 ló wà láàárín dídún kan àti èkejì. Ayàwòrán ti mọ̀ pé lórí àwòrán kejìlá ni ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ kanlẹ̀, kó tún kanlẹ̀ lórí èkẹrìnlélógún. Kò nílò kó gbọ́ orin rárá. Nọ́ńbà ló ń tẹ̀ lé. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ẹranko kan rọra rìn, wọ́n lè fún un ní fọ́tò 24 kó tó gbé ẹsẹ̀ kan. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ó sáré, wọ́n lè fún un ní 6. Ẹni tó bá lè kà dé 24 ti ní ìdí iṣẹ́ náà lọ́wọ́.

Ìṣirò yìí ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1928, sinimá olóhùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ni. Disney fẹ́ ṣe kàtúùnù kan tí orin á bá a mu láti orí dé ìdí. Eku kan ló wà nínú rẹ̀ tó ń wa ọkọ̀ ojú omi. Mickey Mouse ni orúkọ eku náà, Steamboat Willie sì ni orúkọ kàtúùnù. Ọ̀dọ́kùnrin kan wà níbi iṣẹ́ náà tó ń jẹ́ Wilfred Jackson. Olùkọ́ orin ni ìyá rẹ̀. Ọmọ olùkọ́ orin sì mọ ẹ̀rọ kékeré kan tí a ń gbé sórí píánò, tó máa ń dún kó, kó, kó, kí ọmọ tó ń kọ́ orin má bàa sáré jù tàbí kó falẹ̀ jù. Jackson ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ yẹn wọn ìlù, kí wọ́n sì ka iye fọ́tò tó bọ́ sáàárín kó kan àti kó kejì. Ohun tí gbogbo wọn ń wá nìyẹn.

Wọ́n gbé Steamboat Willie jáde ní New York ní 18 November 1928. Nínú rẹ̀, ewúrẹ́ kan jẹ ìwé orin. (Ewúrẹ́ wa ní Ṣómólú náà kì í fi ìwé sílẹ̀.) Wọ́n yí ìrù ewúrẹ́ náà bí ẹni ń yí giramafóònù, orin sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu rẹ̀. Eku náà tún ń lu eyín màlúù bí ẹni ń lu agogo, dídún kọ̀ọ̀kan sì ń bọ́ sí ibi tó yẹ kó bọ́ sí. Wilfred Jackson yìí kan náà ni wọ́n wá fi ṣe olùdarí Ìjàpá àti Ehoro lẹ́yìn ọdún díẹ̀.

Kò yẹ kí èyí ṣòro fún ará Bàrígà. Àdúgbò ijó ni. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ eléré Crown Troupe of Africa, tí Ṣẹ́gun Adéfìlà dá sílẹ̀ ní 1996, ti dàgbà. Ẹni tó bá ti dúró wo àwọn ọmọ tó ń kọ́ ijó ti gbọ́ tí olùkọ́ ń ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, tí ẹsẹ̀ ogún ọmọ sì kanlẹ̀ pọ̀. Ohun kan náà ni àwọn ayàwòrán ń ṣe, àfi pé orí pépà ni ẹsẹ̀ tiwọn wà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò fẹ́ fò, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwé kà ni a sì fẹ́ sọ ọ́ fún. Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń tàn kálẹ̀ wọ Èkó, ó sì pa èèyàn púpọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, òyìnbó kan tó ń jẹ́ William Sellers, òṣìṣẹ́ ìlera, ń fi sinimá kọ́ àwọn ará ìlú bí wọ́n ṣe lè gbógun ti eku. Iṣẹ́ rere ni, a ò lè sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di 1939, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní London, Colonial Film Unit, láti máa ṣe sinimá fún àwa tó wà lábẹ́ wọn. Sellers ni wọ́n fi ṣe olórí. Ọkọ̀ sinimá wọn á wọ ìlú, wọ́n á ta aṣọ funfun, èrò á sì pé lé e.

Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá wọ̀nyí ní èrò kan. Wọ́n ní ará Áfíríkà tí kò mọ ìwé kò lè lóye sinimá tó bá ń yára. Wọ́n ní kí wọ́n máa rọra fi nǹkan hàn wá, kí ohun kan pẹ́ lójú wa kó tó di òmíràn, kí wọ́n má sì ṣe fi idán kámẹ́rà kankan sí i, torí pé á dà wá láàmú. Wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé wọn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó ti jókòó lẹ́sẹ̀ ìyá ìyá rẹ̀, tó ti gbọ́ bí Ìjàpá ṣe tọrọ ìyẹ́ lára àwọn ẹyẹ tó sì fò lọ sọ́run, tó rí i lójú inú bó ṣe já bọ́ tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́ yánkanyànkan, ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ehoro tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ara rẹ̀ máa rú lójú? Àìmọ̀wé kì í ṣe àìlóye. Ojú inú àwọn òbí wa ti ń wo kàtúùnù kí ẹnikẹ́ni tó ta aṣọ funfun.

Àwọn ọmọ Áfíríkà kò sì dúró síbi kí wọ́n máa wò ó nìkan. Ní orílẹ̀-èdè Niger, tó bá Nàìjíríà pààlà lókè, Moustapha Alassane fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya kàtúùnù. Ọ̀kan nínú wọn ni Bon voyage, Sim, tó jáde ní 1966. Ọ̀pọ̀lọ́ ni gbogbo èèyàn inú rẹ̀. Ààrẹ àwọn ọ̀pọ̀lọ́ rìnrìn àjò lọ kí ìlú kejì, wọ́n gbà á tìlù tìfọn, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa padà dé, ìjọba ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà tiwa ní 1966, ẹ ó mọ̀ pé eré ọmọdé kọ́ ni ọkùnrin yẹn ń ya. Ọ̀pọ̀lọ́ ló fi sọ ohun tí ẹnu èèyàn lè má rọrùn láti sọ. Àwọn baba wa fi Ìjàpá ṣe bẹ́ẹ̀ náà.

Ó wá ku bí a ṣe máa wò ó nílé. Ohun tó ń kọ wá lóminú nípa kàtúùnù orí fóònù kì í ṣe pé ó burú. Ohun tó ń kọ wá lóminú ni pé kì í dáhùn. Bí apàlọ́ bá ní "Ààlọ́ o!", tí ẹnikẹ́ni ò sì dá a lóhùn, kò ní bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ bá béèrè pé kí ló dé tí èèpo Ìjàpá fi rí págunpàgun, apàlọ́ á dúró sọ ọ́ fún un. Fóònù ò dúró de ẹnikẹ́ni. Ọmọ lè wo ogún kàtúùnù láàárọ̀ kan kó má la ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nínú ilé tí ẹbí mẹ́jọ ń gbé, ọmọ mẹ́jọ lè wà lórí fóònù mẹ́jọ, kí gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì dákẹ́ rọ́rọ́.

Nítorí náà, ẹ bá wọn jókòó. Fóònù kan tó fún èèyàn mẹ́fà. Ẹ wò ó dé ibi tí Ehoro ti sùn sábẹ́ igi, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ kó dúró. Ẹ bi wọ́n léèrè pé, "Bó bá jẹ́ Ìjàpá tiwa ni, kí ló máa ṣe báyìí?" Ẹ jẹ́ kí wọ́n jà á. Bí ẹ bá mọ ìtàn Ìjàpá tó kó ẹbí pamọ́, ibẹ̀ ni kí ẹ ti pa á, kí ẹ dá orin sí i, kí wọ́n gbè é. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ kó máa lọ. Ẹ má bẹ̀rù pé ẹ ò gbọ́ èdè òyìnbó tí wọ́n ń sọ nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kéré. Orin ló ń ròyìn. Steamboat Willie tilẹ̀ rọrùn jù, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, òfin Amẹ́ríkà sì ti dá a sílẹ̀ fún gbogbo ayé láti 1 January 2024. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ló lè fi han èrò láì tọrọ àyè.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe tiyín, pépà ni ẹ máa kọ́kọ́ wá. Ní Ṣómólú, ìyẹn ò ṣòro. Àwọn atẹ̀wé kún ibẹ̀, wọ́n ń tẹ kàlẹ́ńdà, ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú àti páálí ọjà. Etí pépà tí ẹ̀rọ bá gé kúrò máa ń wà nílẹ̀. Ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹni tẹ́ ẹ bá mọ̀, kí ẹ tọrọ díẹ̀. Pépà funfun tí kò nípọn jù, tí kò sì fẹ́lẹ́ jù ló dára.

Ẹ gé 24, kí gbogbo wọn rí bákan náà, kí wọ́n tóbi díẹ̀ ju páálí ìṣáná lọ. Ẹ kọ nọ́ńbà sí ìsàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti 1 dé 24. Ní apá ọ̀tún pépà kìíní, ẹ fi pẹ́ńsùlù ya èèpo Ìjàpá. Kò ní orí. Ẹ gbé pépà kejì lé e, kí ẹ gbé méjèèjì síwájú fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè là wọ́n kọjá, kí ẹ tẹ̀ lé ìlà tó wà nísàlẹ̀. Èèpo gbọ́dọ̀ wà lójú kan náà lórí gbogbo pépà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa gbọ̀n bí ẹni ibà ń ṣe. Lórí pépà 2, ẹ ya ṣóńṣó imú rẹ̀. Lórí 3, ẹ ya orí díẹ̀ sí i. Kó máa jáde bẹ́ẹ̀ títí dé 12, tí ọrùn á ti gùn tán. Láti 13, ẹ máa dá a padà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó bá fi máa di 24, kò gbọdọ̀ sí orí níta mọ́.

Ẹ tò wọ́n, 1 lókè, 24 nísàlẹ̀, kí ẹ rán ẹ̀gbẹ́ òsì tàbí kí ẹ fi rọ́bà dè é dáadáa. Ẹ fi ọwọ́ òsì dì í mú. Ẹ fi àtàǹpàkò ọ̀tún tẹ ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ẹ máa tú wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kíákíá. Ìjàpá á yọrí, á sì wọlé. Ẹ ní kí àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ọrùn bá gùn tán, kí wọ́n sì pa á lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tó bá wọlé. Kàtúùnù olórin nìyẹn.

Ti Ehoro yàtọ̀. Ẹ gé pépà 24 mìíràn. Òun fò sókè lórí 3, ẹsẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀ lórí 6. Ó tún fò lórí 9, ó kanlẹ̀ lórí 12, bẹ́ẹ̀ ni títí dé 24. Ẹ ya bó ṣe ń gòkè àti bó ṣe ń bọ̀ sórí àwọn tó wà láàárín. Bí ìwé méjèèjì bá ti pé, kí ẹnì kan mú ti Ìjàpá, kí ẹlòmíràn mú ti Ehoro, kí wọ́n jọ tú wọn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ehoro á ti fò lẹ́ẹ̀mẹrin kí ọrùn Ìjàpá tó padà wọlé.